Bí a ṣe ń tọpa odò àti orúkọ rẹ̀: Odò Daugava gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí orúkọ odò kan ti wá sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé àwòrán ilẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Odò tó bá gba ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kì í ní orúkọ kan ṣoṣo. Ibi tí àwọn ènìyàn bá ti bá odò pàdé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ, bí omi náà bá sì ti rí lójú wọn níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè é. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ bèbè tí wọ́n ń gbé yóò ṣòro fún láti mọ ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n lára Odò Ọya, tí àwọn elédè Mande ní apá òkè odò ń pè ní Joliba, tí àwọn Haúsá sì ń pè ní Kwara.

Odò tí a ó fi kọ́ iṣẹ́ náà níhìn-ín ni Daugava, tó ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá, tó gba Bẹ̀lárùs kọjá, tó sì la Látfíà já kí ó tó dà sínú Òkun Bàltíìkì. Mo yàn án nítorí pé orúkọ rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ìdílé èdè tí kò bá ara wọn tan ló sọ ọ́ lórúkọ, àti nítorí pé ẹnikẹ́ni tó ní fóònù àti ìwé ìkọ̀wé lè yẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rí náà wò fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bá odò náà rìn láti orísun dé ẹnu

Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi fara mọ́ OpenStreetMap fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí ẹ bá béèrè àlàyé nípa odò kan níbẹ̀, àtẹ kan yóò ṣí tí orúkọ odò náà ní oríṣiríṣi èdè yóò wà nínú rẹ̀: ìlà tí a kọ name:lv sí ni ti èdè Látfíà, name:ru ni ti Rọ́ṣíà, name:be ni ti Bẹ̀lárùs, name:de sì ni ti Jámánì. Ṣùgbọ́n ẹ fi àtẹ náà sílẹ̀ ná. Ẹ wá àwọn òkè Valdai, láàrin Moscow àti Saint Petersburg. Wọn kì í ṣe òkè gíga rárá, nítorí pé orí èyí tó ga jù lọ níbẹ̀ kò tó mítà 350 sí ìpele òkun, síbẹ̀ agbègbè yẹn ni omi ti ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta: Volga ń lọ sí Òkun Caspian, Dnieper ń lọ sí Òkun Dúdú, Daugava sì ń lọ sí Bàltíìkì. Àwọn tó kọ ìwé ìtàn ọdọọdún ilẹ̀ Rus, ìjọba àtijọ́ tó wà níbi tí Rọ́ṣíà, Bẹ̀lárùs àti Ukraine wà lónìí, ní ọ̀rúndún kejìlá ti mọ èyí, wọ́n sì kọ ọ́ pé inú igbó kan náà ni odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ibi tí odò mẹ́ta bá ti sún mọ́ ara wọn báyìí ni àwọn oníṣòwò ti máa ń gbé ọkọ̀ ojú omi wọn gba orí ilẹ̀ láti inú odò kan bọ́ sí òmíràn, orúkọ odò a sì máa bá wọn lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ máa tọ ìlà odò náà lọ. Ní agbègbè Tver ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí adágún Okhvat. Ó kọjá ní ìlú Andreapol, ó kọjá ní ìlú tí wọ́n fi orúkọ odò náà gan-an pè, Zapadnaya Dvina, ó sì ń lọ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn títí tó fi kọjá Velizh ní agbègbè Smolensk, tó sì wọ Bẹ̀lárùs. Ní ìlú Vitebsk ni ó ti ṣẹ́rí, tó wá dojú kọ ìwọ̀ oòrùn àti àríwá. Ó kọjá Polotsk, ó di ààlà Bẹ̀lárùs àti Látfíà fún ìwọ̀nba kan, lẹ́yìn náà ó kọjá Krāslava, Daugavpils, Jēkabpils àti Rīga, ó sì dà sínú Ìyawọ̀ Òkun Rīga. Gbogbo gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 1,020, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín in dọ́gba-n-dọ́gba, nítorí pé ó lé ní kìlómítà 300 tó wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá sínú odò náà fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 87,900 níbùú lóròó, àwọn apá díẹ̀ nínú Lituéníà àti Ẹstóníà sì wà lára rẹ̀.

Bí ẹ ti ń lọ, ẹ máa kọ orúkọ àwọn odò kéékèèké tó ń dà sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ apá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò ni pé kí ènìyàn kọjú sí ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni bèbè ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ni bèbè òsì, ibi yòówù kí àríwá wà. Mezha, Ulla àti Dzisna wá láti òsì. Toropa, Polota, Drysa, Dubna, Aiviekste àti Ogre wá láti ọ̀tún. Iṣẹ́ yìí lè dà bí ohun tí kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i láìpẹ́ pé odò kéékèèké wọ̀nyí ló sọ àwọn ìlú ńlá lórúkọ.

Omi tí ẹ ń wò kọ́ ni omi tí wọ́n sọ lórúkọ

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé nípa orúkọ odò ni kì í mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá wo Daugava láàrin Pļaviņas àti Rīga lónìí yóò rí omi gbòòrò tó dákẹ́ rọ́rọ́, yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá ará ibẹ̀ ṣe rí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìsédò mẹ́ta tí wọ́n ń fi ṣe iná mànàmáná ló wà ní apá yẹn: ti Ķegums, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1936; ti Pļaviņas, tí wọ́n kọ́ láàrin àwọn ọdún 1960; àti ti Rīga, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974. Kí wọ́n tó sé odò náà, àfonífojì olókùúta ni ó ń gbà kọjá, omi rẹ̀ sì ń sáré lórí àpáta. Ilé olódi àtijọ́ ní Koknese, tí orí òkè ló wà níbi tí odò Pērse ti pàdé Daugava, ti di èyí tí omi ń lá ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀. Àpáta Staburags, tí àwọn ará Látfíà ń kọrin nípa rẹ̀, ti wà lábẹ́ omi pátápátá. Ní Ikšķile, àwókù ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tí Bíṣọ́ọ̀bù Meinhard kọ́ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìlá ti di ohun tó dá dúró lórí erékùṣù láàrin omi.

Nítorí náà, ẹ wá apá ibi tí odò náà ṣì ń ṣàn bó ṣe ń ṣàn látijọ́, kí ẹ sì fi wé apá tí wọ́n sé. Ó wà láàrin Krāslava àti Daugavpils, níbi tí odò náà ti ń yípo yípo láàrin àwọn bèbè gíga. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n fẹ́ kọ́ ìsédò kẹrin sí itòsí Daugavpils, èyí tí ìbá ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀; àwọn òǹkọ̀wé méjì, Dainis Īvāns àti Artūrs Snips, kọ̀wé takò ó nínú ìwé ìròyìn ní 1986, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dìde tẹ̀lé wọn, tí ìjọba Moscow fi dá iṣẹ́ náà dúró ní 1987. Mo dúpẹ́ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ nípa odò yìí lónìí ṣì ní ibi tí ó ti lè rí i bó ṣe rí gan-an.

Ẹ tún kíyè sí bí omi náà ṣe ń pọ̀ sí i tó sì ń dín kù láàrin ọdún. Òjò dídì ló ń bọ́ ọ púpọ̀ jù lọ. Nígbà òtútù ojú odò máa ń dì. Bí òjò dídì bá sì yọ́ ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, omi á kún gan-an, yìnyín á já, á sì máa gbára jọ níbi tí odò bá ti fún tàbí tó ti tẹ́jú, títí yóò fi sé omi mọ́ ẹ̀yìn. Ìlú Jēkabpils mọ ìyà yìí dáadáa, yìnyín sì fa àkúnya omi ńlá níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé orí orúkọ Daugava fúnra rẹ̀.

Ẹ wá to àwọn orúkọ náà jọ

Nísinsìnyí ni kí ẹ ṣí àtẹ tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, nítorí pé àmì yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ rí ìwé tó tọ́ nígbà tí ẹ bá ń wá a. Ní Látfíà wọ́n ń pè é ní Daugava. Ní èdè Latgale, ní ìlà oòrùn Látfíà, ó ń jẹ́ Daugova. Ní Lituéníà, Dauguva. Ní Rọ́ṣíà ó ń jẹ́ Западная Двина, èyí tí à ń pè ní Zapadnaya Dvina. Ní Bẹ̀lárùs, Заходняя Дзвіна. Ní Pólándì, Dźwina. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Düna. Àwọn Livonian, tí wọ́n ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò náà nígbà tí àwọn ará Jámánì dé ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìlá, ń pè é ní Vēna. Ní Ẹstóníà ó jẹ́ Väina, ní Fínlándì sì ni Väinäjoki, tí joki inú rẹ̀ túmọ̀ sí odò.

Ẹ má ṣe tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ṣe tẹ̀lé ara wọn. Bí wọ́n ṣe jọra ni kí ẹ fi kó wọn jọ, ẹ óò sì rí i pé agbo mẹ́ta ni wọ́n: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bíi Daug-, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bíi Dvin- tàbí Dün-, àti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bíi Väin-. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ agbo kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ apá odò tí àwọn tó ń sọ èdè náà ń gbé. Àwọn Slav, tí èdè Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárùs ti ọ̀dọ̀ wọn wá, wà ní òkè odò, láti Valdai dé Polotsk. Àwọn Balt, tí Látfíà òde òní ti ọ̀dọ̀ wọn wá, wà ní àárín. Àwọn Livonian, tí èdè wọn bá ti Ẹstóníà àti Fínlándì tan, wà ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹnu odò.

Agbo Väin- ló rọrùn jù lọ láti yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ojú kúrò lórí odò náà, kí ẹ wo etíkun Ẹstóníà. Láàrin erékùṣù Muhu àti ilẹ̀ ńlá, ẹ óò rí omi tóóró kan tí wọ́n kọ Suur väin sí. Láàrin Muhu àti Saaremaa, ẹ óò rí Väike väin. Suur ni ńlá, väike ni kékeré, väin sì ni omi tó la àárín ilẹ̀ méjì kọjá. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni lẹ́nu àwọn ará Ẹstóníà. Òkun tó wà níbẹ̀ pàápàá, Väinameri ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Fínlándì àtijọ́, väinä ni odò gbòòrò tí omi rẹ̀ ń rọra ṣàn. Ẹ wá fi èyí wé Daugava ní ìsàlẹ̀, níbi tó ti fẹ̀ tó sì tẹ́jú kó tó dé òkun, níbi tí àwọn Livonian ń gbé gan-an. Ìtumọ̀ náà bá ibẹ̀ mu. Ká ní òkè odò ní Valdai ni wọ́n ń gbé, níbi tí odò náà ti kéré, ó ṣòro kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀.

Agbo Daug- tẹ̀lé e. Daudz ni ọ̀pọ̀ ní èdè Látfíà, daug sì ni ọ̀pọ̀ ní èdè Lituéníà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ọ̀rọ̀ yìí ló so mọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan fún omi, tí Daugava fi di odò tí omi rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ti ka ohun tí mo sọ nípa àkúnya omi ìgbà tí òjò dídì ń yọ́ kò ní bi mí pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìparí orúkọ náà. Abava, odò kan ní ìwọ̀ oòrùn Látfíà, parí pẹ̀lú -ava, ẹ lè rò pé gbogbo orúkọ tó bá parí bẹ́ẹ̀ ni omi wà nínú rẹ̀. Jelgava, ìlú kan ní gúúsù Rīga, náà parí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe nípa rẹ̀ ni pé inú ọ̀rọ̀ Livonian fún ìlú ni ó ti wá, jālgab. Ìjọra ìparí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ pe orúkọ náà.

Agbo Dvin- ló le jù. Ìtàn àtijọ́ àwọn ará erékùṣù Gotland ní Swídìn sọ pé àwọn kan nínú wọn gba omi kan tó ń jẹ́ Dyna gòkè la ilẹ̀ Rus kọjá lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì, a sì mọ̀ láti inú èyí pé àwọn atukọ̀ àríwá ti mọ orúkọ náà ṣáájú kí àwọn ará Jámánì tó dé pẹ̀lú Düna wọn. Àwọn onímọ̀ kan ní inú väinä ni àwọn Slav àti àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn ti mú un. Àwọn mìíràn wá a sínú èdè tó dàgbà ju ìyẹn lọ, èyí tí àwọn Slav àti Balt jọ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Èmi rò pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ lágbára ní ti ohun tí orúkọ náà ń sọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà d tó wà níwájú ń béèrè àlàyé tí väinä nìkan kò lè ṣe. Bí ẹ bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ kọ àwọn àlàyé méjèèjì, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fara mọ́ àti ìdí rẹ̀.

Àlàyé kan wà tí ẹ óò pàdé níbi púpọ̀, tó dùn létí, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ gbà: pé Dvina wá láti inú dva, èjì lédè Rọ́ṣíà. Odò mìíràn ni àlàyé yìí ti bẹ̀rẹ̀, Dvina ti Àríwá, tó ń dà sínú Òkun Funfun lẹ́bàá Arkhangelsk, tí odò méjì, Sukhona àti Yug, sì pàdé láti bí i. Daugava kò ní odò méjì bẹ́ẹ̀ ní orísun rẹ̀. Nítorí odò àríwá yìí náà ni wọ́n ṣe ń fi Zapadnaya, ti ìwọ̀ oòrùn, síwájú orúkọ tiwa; ẹ rí i dájú pé ìwé tí ẹ ń kà kò pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ bi àwọn ìlú tó wà létí odò

Orúkọ ìlú máa ń jẹ́rìí sí orúkọ odò, ó sì máa ń ní ọdún lára. Dünaburg ni àwọn ará Jámánì pe ilé olódi tí wọ́n kọ́ sétí odò náà ní 1275. Nígbà tí àwọn Rọ́ṣíà gbà á ní 1656, wọ́n sọ ọ́ ní Borisoglebsk, orúkọ àwọn ẹni mímọ́ méjì, fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Ní 1893 ó di Dvinsk. Ní 1920, nígbà tí Látfíà ti gba òmìnira, ó di Daugavpils, tí pils inú rẹ̀ túmọ̀ sí ilé olódi. Ẹni tó bá fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò mọ ẹni tó ń ṣàkóso ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ti ẹnu odò: Dünamünde lẹ́nu àwọn ará Jámánì, Daugavgrīva lẹ́nu àwọn ará Látfíà, ẹnu odò ni münde àti grīva sì túmọ̀ sí.

Nísinsìnyí ẹ padà sórí àwọn odò kéékèèké tí ẹ kọ sílẹ̀. Polotsk gba orúkọ lọ́wọ́ Polota, ìwé ìtàn ọdọọdún tí mo mẹ́nu bà sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Vitebsk gbà á lọ́wọ́ Vitba. Rīga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1201, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn so mọ́ Rīdzene, odò kékeré tó ń ṣàn níbẹ̀ nígbà náà, tí ìlú náà sì ti kọ́lé bò mọ́lẹ̀ báyìí. Ikšķile wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Livonian. Üks küla lédè Ẹstóníà ni abúlé kan, ó sì jẹ́ ẹ̀rí mìíràn pé wọ́n gòkè odò dé ibẹ̀. Jēkabpils kò jẹ mọ́ omi rárá: Jēkabs, ọba kékeré ilẹ̀ Courland, ló ni orúkọ náà, òun kan náà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ kọ́ ilé olódi sórí erékùṣù kan nínú Odò Gámbíà ní 1651.

Ẹ má fi gbogbo ọkàn tán orúkọ tí ìjọba fúnni. Ìlú Drissa ní Bẹ̀lárùs di Verkhnedvinsk ní 1962, bí ẹni pé òkè Dvina ló wà, bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ ìsàlẹ̀ Vitebsk àti Polotsk ni ó wà, nítòsí ààlà Látfíà. Ẹ má sì fipá mú ìwé àtijọ́ sọ ohun tí kò sọ. Ptolemy, onímọ̀ àwòrán ilẹ̀ ayé àtijọ́ kan ní ọ̀rúndún kejì, to àwọn odò kan sí etíkun yẹn, Chronos, Rubon, Turuntos àti Chesinos, àwọn onímọ̀ kan sì ti so ọ̀kan tàbí òmíràn nínú wọn mọ́ Daugava. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jọ orúkọ kankan tí àwọn ará bèbè odò náà ń pè é, nítorí náà ẹ má kọ́ ilé lé e lórí.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ lè gbìyànjú odò méjì mìíràn tó ń dà sí Ìyawọ̀ Òkun Rīga nítòsí ibẹ̀. Lielupe rọrùn, nítorí pé liela ni ńlá, upe sì ni odò lédè Látfíà. Gauja ni kí ẹ gbé lé e: Koiva ni àwọn ará Ẹstóníà ń pè é, Aa sì ni àwọn ará Jámánì ń pe òun àti Lielupe pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun rẹ̀ ní àwọn òkè Vidzeme, kí ẹ máa kọ bèbè ọ̀tún àti ti òsì bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tó ti di ààlà Látfíà àti Ẹstóníà, nítorí pé ibẹ̀ ni Koiva àti Gauja ti ń dojú kọ ara wọn lórí omi kan náà.